Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣàbẹ̀wò sí Àdúgbò Àwọn Aládìrẹ ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wá sí Abẹ́òkúta, orí Olúmọ ni wọ́n ń gùn. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á ra aṣọ kan lẹ́bàá títì, ó di ilé. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀yìn àwọn ilé tí wọ́n kọjá yẹn ni iṣẹ́ gan-an wà: ìkòkò aró, àbẹ́là tó ń yọ́ lórí iná, aṣọ tó ń kán tó, tó, tó lórí okùn. Èmi tí mò ń gbé nílùú yìí, ó máa ń dùn mí bí àlejò bá wá tó sì lọ láìrí i. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ, tó sì fẹ́ kí owó òun dé ọwọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà, òun ni mo kọ èyí fún.

Ìlú tí ẹ ń bọ̀

Òkúta ló gba ìlú yìí là. Ní 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun ti tú ká tẹ̀ dó sí abẹ́ Olúmọ, Ṣódẹkẹ́ ló ṣáájú wọn, inú ihò àpáta náà ni wọ́n sì ń sá sí bí ogun bá dé. Nígbà tí òyìnbó gbé ọkọ̀ ojúirin dé, òkúta tún di iṣẹ́. Wọ́n ń fọ́ ọ ní Àrò, ọkọ̀ ojúirin sì ń kó o lọ sí Èkó láti fi mọ ògiri tó ń dá ìgbì òkun dúró lẹ́nu èbúté. Títí dòní, àdúgbò kan wà ní Ìbarà tí gbogbo wa ń pè ní Kúárì.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó sọ orúkọ ìlú di ńlá lókè òkun, ọwọ́ àwọn obìnrin ló ti wá. Nígbà tí aṣọ funfun ilé iṣẹ́ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lọ́jà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn ìyá Ẹ̀gbá ń rà á, wọ́n ń dì í, wọ́n ń rẹ ẹ́ láró, àwọn oníṣòwò sì ń ti Sẹ̀nẹ̀gà àti Gáná wá rà á lọ́wọ́ wọn. Láàárín 1930 sí 1939, ọjà wọlẹ̀. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí sódà (kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ aró) àti aró òyìnbó, pé ó ń ba aṣọ jẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì dé ààfin Aláké. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí bí ẹ bá jókòó pẹ́ díẹ̀ ní Ìtòkú lónìí, ẹ ó gbọ́ irú àríyànjiyàn kan náà: ta ló ń ṣe ojúlówó, ta ló ń ba ọjà jẹ́.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ yan ọjọ́ tí oòrùn máa ràn. Aládìrẹ ò lè ṣe púpọ̀ láìsí oòrùn: ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi ya àwòrán sórí aṣọ gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó wọ inú aró, aṣọ tó bá sì jáde nínú aró gbọ́dọ̀ rí ibi gbẹ sí. Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ọdún ló dára jù. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò nìkan ni àyè yọ fún yín, ẹ tètè dé láàárọ̀, kí ẹ sì mọ̀ pé bí òjò bá ṣú, gbogbo aṣọ ni wọ́n á ká wọlé, iṣẹ́ á dúró. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ wá. Lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀pọ̀ ìyá ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, àwọn mìíràn á ti lọ kírun.

Ẹ wọ aṣọ tí ẹ ò ní sunkún bí aró bá ta sí i, àti bàtà tó ń di ilẹ̀ mú. Ẹ mú owó kéékèèké dání. Wọ́n ń gba tiransífà, àwọn oní-POS sì wà káàkiri, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́kì lè dá yín dúró ní wákàtí kan nítorí aṣọ kan ṣoṣo.

Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ aṣọ, kó mú aṣọ funfun tirẹ̀ wá. Aṣọ òwú pọ́nbélé ni o. Pọ́lísítà kì í gba aró, á kàn rí ràkọ̀ràkọ̀ ni. Ẹ ti fọ aṣọ náà nílé kí sítáàṣì tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ lè kúrò lára rẹ̀, torí ibi tí sítáàṣì bá wà, aró ò ní wọ ibẹ̀ dáadáa.

Ọ̀nà

Láti Èkó, ọkọ̀ ojúirin ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ wọ̀ ọ́ ní ibùdó Mobolaji Johnson ní Alágọ́mèjì tàbí ní Agége, kí ẹ sì sọ̀ ní ibùdó tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ. Ibùdó náà ò sí láàárín ìlú, ẹ ó ní láti wọ takisí dé Ìtòkú. Ẹ wo àkókò tí ọkọ̀ ń lọ àti tí ó ń bọ̀ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí ọkọ̀ tí ẹ ó bá padà nírọ̀lẹ́ ló máa sọ iye wákàtí tí ẹ ní. Ẹni tó bá gba títì, ó lè gba Sàǹgó Ọ̀tà àti Ifọ̀, tàbí kó gba Ṣágámù. Ti Ṣágámù jìn díẹ̀, àmọ́ sún kẹẹrẹ Sàǹgó lè mú kó yá ju èkejì lọ. Láti Ìbàdàn, ẹ gba Ọmí-Adió.

Gáréèjì Kútọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń já èrò sí. Láti ibẹ̀, takisí tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń lọ sí Ìtòkú ò wọ́n. Ẹ sọ fún dírẹ́bà pé "Ìtòkú, ọjà àdìrẹ." Bí ẹ bá ní Olúmọ, ẹnu géètì Olúmọ ló máa já yín sí, èyí náà ò burú torí wọn ò jìnnà síra.

Olúmọ lákọ̀ọ́kọ́, kí ara tó rẹ̀ yín

Ẹ gun un láàárọ̀, kí àpáta tó gbóná. Owó ìwọlé wà, afinimọ̀nà sì wà níbẹ̀. Ẹ gbà á, kí ẹ sì fún un lówó tó yẹ. Òun ló máa fi ihò tí àwọn èèyàn sá sí nígbà ogun hàn yín, pẹ̀lú àwọn ojú ihò kéékèèké lára òkúta tí àwọn ìyá ń lọ nǹkan sí nígbà náà. Ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè wà, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé e, ẹ múra láti fẹsẹ̀ gùn. Ojúbọ wà lójú ọ̀nà. Ẹ má ya fọ́tò níbẹ̀ láìtọrọ àyè, ẹ má sì wọ ibi tí wọn ò bá ní kí ẹ wọ̀. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ sinmi kí òkúta gbẹ.

Lókè, ẹ wo ìsàlẹ̀ dáadáa. Ẹ ó rí òrùlé páànù tó ti pọ́n, àti odò Ògùn lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ wá ibi tí aṣọ pọ̀ sí lórí okùn láàárín àwọn ilé yẹn. Ibẹ̀ ni ẹ ń lọ.

Bí ẹ ṣe máa wọ ọ̀dọ̀ wọn

Ìkíni ni ìlẹ̀kùn. Bí ẹ bá bá ẹni tó ń rẹ aṣọ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kí i pé "Àrẹdú o!" Ẹ ó rí i pé ojú rẹ̀ á tàn, pàápàá bó bá jẹ́ ìyá àgbà, torí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í sábà kí wọn bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó jókòó ti ọjà, ẹ kí i pé "Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá." Obìnrin kunlẹ̀ díẹ̀, ọkùnrin tẹ̀ ba. Ẹ má tíì yọ fóònù jáde. Ẹ sọ ibi tí ẹ ti wá àti ohun tí ẹ fẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, a fẹ́ wo bí ẹ ṣe ń ṣe é. A ó rajà lọ́wọ́ yín bá a bá ń lọ." Gbólóhùn kejì yẹn ṣe pàtàkì. Àwọn ìyá yìí ti rí àlejò púpọ̀ tó jẹ́ pé fọ́tò nìkan ni wọ́n wá kó.

Bí ẹ bá dé ní kùtùkùtù, ẹ má ná ọjà tí ẹ ò ní rà. Ẹni tó kọ́kọ́ nájà láàárọ̀, wọ́n fẹ́ kó rà kí ọjọ́ náà lè dára. Kódà bó jẹ́ gèlè kékeré, ẹ rà á.

Nípa fọ́tò, ẹ béèrè. Ẹ̀bẹ̀ mi kan rèé: ẹ má ya fóòmù tàbí páànù tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán sórí aṣọ ní tòsí, kí ẹ sì lọ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwòrán tuntun tí ẹnì kan fi ọ̀pọ̀ òru ronú, àwọn kan lè tẹ̀ ẹ́ jáde ní ilé iṣẹ́ lókè òkun kó tó di oṣù mélòó kan, kí wọ́n wá tà á fún wa ní ìdajì owó. Ó ń pa iṣẹ́ náà lára gan-an.

Ohun tí ẹ máa rí

Oríṣi mẹ́ta ni àdìrẹ àtijọ́. Oníko ni èyí tí wọ́n fi okùn ìko di aṣọ, nígbà mìíràn pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ tàbí irúgbìn nínú rẹ̀, kí àmì róbótó lè jáde. Ibẹ̀ ni a ti rí àwòrán tí wọ́n ń pè ní Oṣù Bàmbà. Alábẹ́rẹ́ ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán kí wọ́n tó rẹ ẹ́, kí wọ́n wá tú òwú náà lẹ́yìn náà. Ẹlẹ́kọ ni èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ dí ojú aṣọ kí aró má bàa wọ ibẹ̀.

Ti ẹlẹ́kọ ni kí ẹ dúró tì jù, bí ẹ bá rí ẹni tó ṣì ń ṣe é. Ẹ̀kọ náà, láfún ni. Láfún kan náà tí Ẹ̀gbá ń jẹ, wọ́n á rò ó pẹ̀lú álọ́ọ̀mù kó lè di aṣọ mú. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń yà á sórí aṣọ, tàbí kí wọ́n fi páànù tí wọ́n ti gé àwòrán sí lára tẹ̀ ẹ́. Ìbàdàn ló gbajúmọ̀ fún ìyẹ́, àwa ní Abẹ́òkúta la gbajúmọ̀ fún páànù, láyé àtijọ́ sì rèé, ọkùnrin ló sábà máa ń gé páànù náà. Páànù á tẹ́ lórí aṣọ, ọwọ́ kan á mú un dúró, ọwọ́ kejì á fi irin pẹlẹbẹ wọ́ ẹ̀kọ kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá wọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀kọ á yọ́ wọ abẹ́ páànù, ojú ilà á sì bàjẹ́. Wọ́n á gbé páànù sókè ganran, wọ́n á nu ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á tún gbé e lé ẹ̀gbẹ́ èyí tó ṣáájú. Kò sí ìwọ̀n kankan lórí aṣọ. Ojú ló ń wọ̀n ọ́n.

Aró ìbílẹ̀, ewé ẹ̀lú ni. Wọ́n á gún un, wọ́n á mọ ọ́n ní róbótó, wọ́n á sá a. Bí iṣẹ́ bá dé, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi eérú tí wọ́n ti sẹ́ nínú ìkòkò tó lu, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan kó kan dáadáa. Òórùn rẹ̀ le. Ẹ má fi ọwọ́ dí imú níwájú oníṣẹ́. Ẹ dúró, kí ẹ wo aṣọ náà bó ti ń jáde nínú ìkòkò. Ọ̀pọ̀ àlejò ń retí pé dúdú ló máa jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n ló máa ń kọ́kọ́ ní, á rí bí ẹni pé wọ́n ti bà á jẹ́. Nígbà tí atẹ́gùn bá wá kàn án, ní ojú yín níbẹ̀, àwọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí láti etí aṣọ wá sí àárín, títí gbogbo rẹ̀ á fi di aró. Wọ́n á tún rì í bọ̀ ọ́, wọ́n á tún gbé e sí atẹ́gùn. Iye ìgbà tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ ló ń sọ bó ṣe máa dúdú tó. Lẹ́yìn tó bá gbẹ ni wọ́n á ha ẹ̀kọ kúrò, funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì yọ.

Èyí tí ẹ máa rí jù lónìí ni kàǹpálà. Àbẹ́là ló rọ́pò ẹ̀kọ níbẹ̀: wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á ti fóòmù tí wọ́n gé bọ inú rẹ̀, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ. Dáì, sódà àti kẹ́míkà mìíràn tí wọ́n ń pè ní haidirọ́ọ̀sì ni wọ́n á pò pọ̀, wọ́n á rẹ aṣọ, wọ́n á wá fi omi gbígbóná yọ àbẹ́là kúrò. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ń rí lára rẹ̀, ibi tí àbẹ́là ti sán tí dáì sì yọ́ wọlé ni. Ẹ dúró sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kì í ṣe ibi tó ń fẹ́ lọ, kí ẹ sì di ọmọdé mú: sódà ń jó ara, èéfín rẹ̀ ò sì dára fún àyà. Mo tún fẹ́ bẹ ẹ̀yin tí ẹ lágbára pé, bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn kan tàbí méjì wá fún àwọn ọmọ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fi ọwọ́ lásán wọ inú omi yẹn látàárọ̀ dalẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú

Ẹ sọ iye owó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: owó ẹ̀kọ́, owó dáì, àti bóyá aṣọ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ọjọ́ kan péré ló ní, kó mú oníko. Wákàtí méjì lè tó láti di í, láti rẹ ẹ́, láti tú u. Ti àbẹ́là á gba ìdajì ọjọ́. Ti ẹlẹ́kọ àti ẹ̀lú ò ṣe é ṣe lọ́jọ́ kan, ẹni tó bá ní òun lè ṣe é fún yín lọ́sàn-án kan, ẹ béèrè ohun tó fẹ́ fi rẹ ẹ́. Ẹ di aṣọ yín le. Bí ìdì bá dẹ̀, aró á wọ gbogbo ibẹ̀, kò ní sí àwòrán kankan.

Rírà

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀, torí aṣọ tí wọ́n tẹ̀ ní ilé iṣẹ́ pọ̀ láàárín ojúlówó. Ẹ yí aṣọ padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ti ilé iṣẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ṣì, á fẹ́ funfun. Kàǹpálà gidi, iwájú àti ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Ẹlẹ́kọ gidi, ẹ̀yìn rẹ̀ á gba aró bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán iwájú ò hàn níbẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá àwòrán kan náà ní ibi mẹ́rin lára aṣọ. Bí ẹ bá rí i pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bára mu láìsí ìyàtọ̀ kankan, ẹ̀rọ ló ṣe é. Ọwọ́ èèyàn á yẹ̀ díẹ̀, ibì kan á nípọn ju ibì kan lọ.

Ẹ fi áńkáṣíìfù funfun tó tutù ra á lára. Aró ẹ̀lú tuntun á ta díẹ̀ sí i, èyí kò burú. Bó bá ta púpọ̀, wọn ò ṣàn án tó.

Àyẹ̀wò tó jù gbogbo rẹ̀ lọ, ìbéèrè ni: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo lẹ ti ṣe é? Ìgbà mélòó lẹ rẹ ẹ́?" Ẹni tó ṣe é á dáhùn kíá, ó tiẹ̀ lè fà yín lọ sẹ́yìnkùlé. Ẹni tó rà á láti tún tà á lè má mọ̀. Kì í ṣe olè o, ọjà ló ń tà, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ oníṣẹ́ lẹ fẹ́ fún lówó, ẹ mọ ibi tí owó yín ń lọ.

Ẹ nájà, torí ọjà la wà. Ẹ kàn má fi iye aṣọ ilé iṣẹ́ ná iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀pá márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń ta kàǹpálà sí. Owó rẹ̀ kì í dúró lójú kan, bí dáì àti aṣọ funfun bá ṣe gòkè ló ń gòkè. Ẹ béèrè ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta kí ẹ tó sanwó.

Bó bá jẹ́ aṣọ ẹbí lẹ wá ṣe, ẹ tẹ́tí sí èyí. Ẹ ní kí wọ́n rẹ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì fi ọ̀pá mélòó kan lé e. Dáì tí wọ́n bá tún pò ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ò ní bá ti ìsinsìnyí mu délẹ̀, bí oníṣẹ́ ṣe wù kó mọṣẹ́ tó. Ẹ san ìdajì owó, kí ẹ gba àpẹẹrẹ kékeré dání, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ máa wá gbà á sílẹ̀. Bó bá ti ku díẹ̀ kí ayẹyẹ Kérésìmesì àti ọdún tuntun wọlé, ọwọ́ wọn máa ń kún, ẹ tètè lọ.

Bí ebi bá ń pa yín

Ẹ má jẹ ìrẹsì òyìnbó nílùú Ẹ̀gbá. Ẹ béèrè láfún àti ewédú, tàbí ọ̀fadà pẹ̀lú ọbẹ̀ ata tútù, ní búkà tí èrò pọ̀ sí lágbègbè Ìtòkú tàbí Sápọ́n. Bí àyè bá ṣì wà, Aké ò jìnnà: ẹ yà wo ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter's àti gbọ̀ngàn Centenary Hall. Ìlú yìí náà ni wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròhìn, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá, jáde ní 1859.

Nílé

Ẹ má jù ú sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ pẹ̀lú aṣọ mìíràn. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ rẹ ẹ́ lọ́tọ̀ sínú omi tútù tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí, kí ẹ ṣàn án títí omi á fi mọ́. Ọṣẹ tó rọ̀ ni kí ẹ lò lẹ́yìn ìyẹn, bílíìṣì léèwọ̀. Ẹ sá a sí ibòji, kí ẹ yí inú rẹ̀ síta, torí oòrùn tó mú un gbẹ ní Ìtòkú yìí náà ló máa ṣá a bó bá pẹ́ jù lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lọ̀ ọ́, ẹ lọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì tutù díẹ̀, láti ẹ̀yìn.